Ta ló ń lo ọkọ̀ òfurufú Dornier 228?

Ẹ̀yin ará Ìpẹ́rù tí ẹ béèrè bóyá ọkọ̀ ológun ni Dornier 228 àbí ọkọ̀ èrò, iṣẹ́ méjèèjì ló ń ṣe. Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti ṣe é, ó kọ́kọ́ fò lọ́dún 1981. Ẹ́ńjìnnì méjì ló ní, èrò 19 ló sì lè gbé.

Ní ti ológun, Íńdíà ló gbawájú, torí wọ́n ń ṣe é fúnra wọn ní Kanpur: ológun òfurufú, ológun ojú omi àti ẹ̀ṣọ́ etíkun wọn ló ń lò ó. Ológun òfurufú Nàìjíríà náà ní i. Ó ṣì ń dùn mí pé irú rẹ̀ ló já ní ìpínlẹ̀ Benue ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2006, tí a sì pàdánù ọ̀pọ̀ ọ̀gágun.

Ní ti èrò, Alliance Air ń lò ó ní Íńdíà. Ṣùgbọ́n Nepal ló wú mi lórí jù: Sita Air ń fi í balẹ̀ sí Lukla, lórí òkè gíga, níbi tí ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń bà lé kò ju mítà 527 lọ. Ti pápákọ̀ òfurufú Gateway tó wà láàárín Ìpẹ́rù àti Ìlíṣàn gùn jùyẹn lọ fíìfíì, kò ní ṣòro fún un láti balẹ̀ síbẹ̀.