Dàńṣíkí wo ni ọmọ yín ń béèrè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní kí n bá òun rán dàńṣíkí méjì, òun fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ síbi ayẹyẹ. Mo dé ọ̀dọ̀ télọ̀ mi l'Ábẹ́òkúta, ló bá bi mí bóyá oko ni ọmọ náà ń ro lọ́hùn-ún. Ṣé dàńṣíkí kì í ṣe aṣọ òde ni?

Ìdáhùn: Màmá, télọ̀ yín kò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Aṣọ méjì ló ń jẹ́ orúkọ yẹn.

Èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní dàńṣíkí, ẹ̀wù tí kò lápá ni. Ihò apá rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lè gbé ọkọ́ sókè kí ohunkóhun má fà á lábíyá. Kíjìpá, aṣọ tí àwọn obìnrin ń hun nílé, dára fún un púpọ̀ torí kì í tètè ya. Ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni orúkọ náà ti wá: ẹ̀wù inú, èyí tí wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ ẹ̀wù ńlá, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Nígbà tí àwọn adúláwọ̀ ibẹ̀ ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn láàárín ọdún 1960 sí 1970, wọ́n gbé ẹ̀wù fífẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà wọ̀ kí ayé lè mọ̀ pé àwọn kò tijú orírun àwọn. Ní Harlem, ní New York, wọ́n ń rán an tà. Tiwọn lápá, ọrùn rẹ̀ sì là wá sí àyà bíi lẹ́tà V. Iṣẹ́ ọnà ọrùn tó wà lára èyí tó gbajúmọ̀ jù kì í ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ rárá, títẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ. Ilé-iṣẹ́ Vlisco ní Netherlands ló tẹ irú rẹ̀ jáde níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Èyí ló dá mi lójú pé ọmọ yín ń béèrè.

Ibi tí aṣọ yìí ti ń bàjẹ́ ni ibi gígé. Àwòrán ọrùn àti ti etí ìsàlẹ̀ ti wà lójú kan, a ò lè sún wọn. Ẹ gba ìwọ̀n àyà, èjìká àti gígùn lọ́wọ́ ọmọ yín kí ẹ tó ra aṣọ. Lọ́jà, ẹ fi téèpù wọn aṣọ náà láti èjìká dé etí ìsàlẹ̀. Bó bá gùn ju ìwọ̀n gígùn tí ọmọ yín fún yín lọ, ẹ wá òmíràn, torí télọ̀ tó bá gé ìdí rẹ̀ ti gé ẹwà rẹ̀ dànù. Kí télọ̀ ká aṣọ sí méjì, kí àárín àwòrán ọrùn gún régé, kó tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Èmi máa ń fi ínṣì 8 kún ìwọ̀n àyà kó lè dẹ̀.

Níwọ̀n bó ti jẹ́ méjì ló béèrè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ìkejì ní ti ilé wa, aláìlápá, kí ẹ fi òfì Ìṣẹ́yìn aláró rán an, pẹ̀lú ṣòkòtò àti fìlà. Ẹ kìlọ̀ fún un kó má fọ ìyẹn pọ̀ mọ́ aṣọ funfun, aró máa ń ṣí.