Aṣọ irun àgùntàn nínú ooru kẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ọdẹ ni mí, ìgbà ooru ni mo máa ń wọgbó jù, mo sì lè sùn síbẹ̀ mọ́jú fún bí ọjọ́ mélòó kan. Polyester tí mo ń wọ̀ sábẹ́ aṣọ, kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú ó ti ń rùn burúkú. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra àwọ̀tẹ́lẹ̀ merino, ìyẹn irun àgùntàn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ooru ò ní pa mí báyìí? Tó bá sì dáa, irú èwo ni kí n rà, torí àwọn nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára ẹ̀ ò yé mi.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu igbó o, ọ̀gá ọdẹ. Ooru ò ní pa yín, súwẹ́tà nínípọn tó ń yún ara ló wà lọ́kàn yín, merino fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀ rárá. Ṣẹ́ ẹ rí i, polyester kì í mu omi, orí ẹ̀ lòógùn àti ọ̀rá ara máa ń jókòó sí, ibẹ̀ náà làwọn bakitéríà ti ń jẹun tí òórùn fi ń jáde, àmọ́ irun àgùntàn máa ń fa ọ̀rinrin wọ inú fọ́nrán ẹ̀, ó lè gbà tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo ara ẹ̀ kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọ́n lára pé ó tutù, òórùn náà á sì há síbẹ̀ títí dìgbà tẹ́ ẹ máa fọ̀ ọ́. Polyester yára gbẹ jù ú lọ o, òótọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń sùn sígbó, merino ni màá mú.

Nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ wò ni gsm, ìyẹn iye gíráàmù tí aṣọ tó jẹ́ mítà kan níbùú àti lóròó ń wọ̀n. 120 sí 150 ni tiyín, 200 ti ń lọ sọ́dọ̀ òtútù, 250 ẹ má fọwọ́ kàn án. Máíkírónì ni bí fọ́nrán kan ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó, tó bá ti jẹ́ 18.5 wálẹ̀, kì í sábà yún èèyàn.

Ibi tó ti máa ń já ọdẹ kulẹ̀ ni pé 120 tó jẹ́ kìkì merino kì í pẹ́ ya. Ẹ gbé e síwájú iná, tẹ́ ẹ bá ń rí ìka yín kedere látòdìkejì, ẹ̀gún kan ti tó o, èjìká tí okùn ìbọn àti báàgì ń họ ló sì máa kọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ èyí tí wọ́n fi nylon díẹ̀ sí, bí 10 sí 15 nínú 100, pàápàá èyí tí wọ́n fi merino wé òwú nylon. Ẹ ka lébẹ̀ẹ̀lì inú ẹ̀ dáadáa ṣá, òmíì wà tó jẹ́ pé merino gàdàgbà ni wọ́n kọ síwájú, polyester ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Ẹ má ra èyí tó fún pinpin. Kó fẹ̀ díẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, kápá ẹ̀ gùn nítorí oòrùn, kó ní síìpù lọ́rùn. Ẹ̀fọn lè gún yín gba inú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bá lẹ̀ mọ́ ara, ìdí míì tó fi yẹ kó fẹ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan lẹ lè rà, ẹ fi pátá bẹ̀rẹ̀, itan lòógùn ti ń dààmú ẹni jù.

Ti ẹran ńkọ́? Merino ò ní sọ pé kí ẹran má gbóòórùn yín, tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ látọ̀dọ̀ yín lọ bá a, ó ti sá lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó rọ̀, kì í pariwo tí ẹ̀ka igi bá họ ọ́.

Fífọ̀ ẹ̀ ò le: omi tútù, ọṣẹ tí kò ní lọ́fínńdà, ẹ má fi bílíìṣì sí i torí ó ń jẹ irun àgùntàn ni, ẹ má sì fún un bí ẹni fún aṣọ ìnura, ẹ kàn tẹ omi ẹ̀ jáde kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ síbòòji. Tẹ́ ẹ bá wà nígbó, ẹ kó méjì dání, kẹ́ ẹ máa fi ọ̀kan kọ́ sátẹ́gùn lálẹ́.