Atẹ́gùn, ariwo àti gíláàsì iwájú alùpùpù: ìdáhùn sí ìbéèrè yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Máṣíìnì mi ò ní gíláàsì iwájú nígbà tí mo rà á, mo wá ra wínsíkírìn kékeré kan lé e. Àyà mi ti bọ́ lọ́wọ́ atẹ́gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí ló wá ń gbọ̀n báyìí, tí mo bá ti lé ní 80 kìlómítà ní wákàtí kan, ariwo tó ń wà nínú hẹ́límẹ́ẹ̀tì yẹn ò ṣeé fẹnu sọ, tí mo bá fi máa sọ̀kalẹ̀ ọrùn á ti máa ro mí. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ ra èyí tó ga jù, ó ní òun ló máa parí ẹ̀. Ṣé kí n rà á? Ẹ tún bá mi sọ èwo ló dáa jù nínú polycarbonate àti acrylic, oríṣi ike méjì tí wọ́n fi ń ṣe é, torí àwọn méjèèjì ni mo ń rí.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má tíì náwó ná, jọ̀ọ́. Ohun tí ọ̀rẹ́ ẹ sọ yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ, òun náà ló ń jẹ́ kí wọ́n máa ra gíláàsì léra wọn láìrí ìsinmi. Ohun tó ń gbọn orí ẹ kì í ṣe atẹ́gùn tó pọ̀, atẹ́gùn tó ti dàrú ni, tó o bá sì ra gíláàsì tó ga láìmọ ibi tí atẹ́gùn yẹn ti ń wá, ó lè tún burú sí i.

Wò ó báyìí. Tí máṣíìnì bá ń sáré, atẹ́gùn tó ń bọ̀ láti iwájú á kọlu gíláàsì, á gun òkè, á wá já kúrò létí ẹ̀ lókè. Ẹ̀yìn gíláàsì wá ṣófo, atẹ́gùn tó wà níbẹ̀ ò tó, làwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì àti ìsàlẹ̀ bá ń sáré wọlé kí wọ́n lè dí àlàfo yẹn. Ibi tí wọ́n ti pàdé èyí tó já látòkè ni wọ́n ti ń yípo, bí omi odò ṣe máa ń yípo lẹ́yìn àpáta. Tí hẹ́límẹ́ẹ̀tì ẹ bá lọ bọ́ sáàárín ìyípo yẹn, á máa gbá a síbí gbá a sọ́hùn-ún, ojú gan-an á máa gbọ̀n débi pé nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà níwájú ò ní ṣeé kà. Ìdí nìyẹn tí orí ẹni tí ò ní gíláàsì rárá fi máa ń balẹ̀ ju ti ẹni tó ní èyí tí ò bá a mu lọ: atẹ́gùn tó ń lù ú le, ó ń tì í sẹ́yìn, ṣùgbọ́n tààrà ló ń lọ.

Eré náà wá ń dá kún un. Tó o bá sọ eré di ìlọ́po méjì, ká ní láti 50 sí 100 kìlómítà ní wákàtí kan, agbára tí atẹ́gùn fi ń ti ẹ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé gíláàsì tó o dán wò nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ò sọ nǹkan kan fún ẹ nípa bó ṣe máa rí lójú ọ̀nà márosẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kó o kọ́kọ́ ṣe nìyí. Wá ojú ọ̀nà tó gùn tó sì tẹ́jú tí ọkọ̀ ò pọ̀, wọ hẹ́límẹ́ẹ̀tì àti jákẹ́ẹ̀tì tó o máa ń wọ̀ gan-an, torí hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó ní ìbòjú gígùn lókè máa ń gba atẹ́gùn lọ́nà tiẹ̀, kó o wá sáré dé ibi tí orí ẹ ti máa ń gbọ̀n, kó o má sì kọjá iye eré tí òfin fàyè gbà. Rọra tẹ orí ba díẹ̀, bí ìbú ìka mẹ́rin. Tí gbogbo ẹ̀ bá dákẹ́ wẹ́lo, gíláàsì yẹn kúrú fún ẹ. Tí ò bá dákẹ́, na ara sókè, gbé ìdí kúrò lórí ìjókòó díẹ̀. Tó bá jẹ́ ìgbà tó o nàró yẹn ni gbígbọ̀n náà lọ, tó wá ku atẹ́gùn líle tó ń fẹ́ tààrà, á jẹ́ pé ńṣe ló ga jù fún ẹ, kó o rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tàbí kó o yí bó ṣe dagun sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ló wà nípò kejì yìí tí wọn ò mọ̀, àwọn gan-an ló sì máa ń lọ fi èyí tó ga sí i kún un. Tó bá jẹ́ pé bó o bá tẹ̀ bó o bá nà kò yàtọ̀, wo ìsàlẹ̀: atẹ́gùn tó ń gba àárín fọ́ọ̀kì (irin méjì tó di táyà iwájú mú) àti abẹ́ iná iwájú gòkè wá ló ń lù ẹ́ lágbọ̀n, gíláàsì gíga ò sì lè ṣe nǹkan kan sí ìyẹn, àwọn ìdíwọ́ atẹ́gùn kéékèèké tí wọ́n ń dè mọ́ ara fọ́ọ̀kì ló ń gbọ́ tiẹ̀.

Tó o bá ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà, gé páálí líle, kó o fi téèpù tó lágbára lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí òkè gíláàsì ẹ, kó yọ sókè bíi sẹ̀ǹtímítà 5, kó má dí ẹ lójú, kó o tún lọ dán an wò, díẹ̀díẹ̀ ni kó o máa fi kún eré kó má lọ ṣí mọ́ ẹ lójú. Lọ́jọ́ mìíràn, gbé e kúrò lókè kó o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Páálí yẹn á sọ fún ẹ bóyá gíga lo nílò àbí fífẹ̀, kó o tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta gíláàsì rárá.

Ní ti gíga, jókòó bó o ṣe máa ń jókòó gan-an kó o wo iwájú. Etí òkè gíláàsì yẹn yẹ kó bọ́ sí déédéé imú ẹ tàbí ẹnu ẹ, kó o máa wo òkè ẹ̀ kọjá. Atẹ́gùn tó bá já létí yẹn á ṣì gòkè díẹ̀ sí i kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ, torí náà kò pọn dandan kí gíláàsì ga tó orí ẹ kó tó lè gbé atẹ́gùn kọjá lórí ẹ. Mi ò fara mọ́ gíláàsì téèyàn á máa wo inú ẹ̀ kó tó ríran rárá o, mo sì fẹ́ kó o fọkàn sí èyí. Kò ní wáípà. Tí òjò bá ń rọ̀ lálẹ́, tí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá tàn sára ẹ̀kán omi tó kún orí ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ yẹn á fọ́n káàkiri, o ò ní rí kòtò, o ò ní rí ẹni tó ń sọdá. Àti pé nígbà ooru, ẹni tó bá fi gíláàsì ńlá bo ara ẹ̀ pátápátá á fẹ́ẹ̀ yan lẹ́yìn ẹ̀.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ ra nǹkan fún ẹ, èyí tó ní bùrákẹ́ẹ̀tì tó ṣeé gbé sókè sódò, tó sì ṣeé yí bó ṣe dagun ni mo máa rà, kódà kó má ga púpọ̀. Nígbà míì ìyípadà kékeré nínú bó ṣe dagun ló máa tán gbogbo ìyọnu. Èyí tó bá tún fi àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 sílẹ̀ nísàlẹ̀, tàbí tó ní ihò láàárín, dáa, torí atẹ́gùn díẹ̀ á gba ibẹ̀ wọlé lọ kún ẹ̀yìn gíláàsì tó ṣófo, ìyípo yẹn á sì dínkù. Èyí tó o ní náà lè má bàjẹ́ o: wọ́n ń ta pèlébé kékeré kan tí wọ́n ń fi kílíìpù há mọ́ etí òkè gíláàsì, ó máa ń gbé atẹ́gùn sókè sí i. Ìyẹn ni kó o kọ́kọ́ gbìyànjú.

Ó wá ku polycarbonate àti acrylic. Acrylic mọ́ kedere, kì í tètè ní àpá tó polycarbonate tí wọn ò fi nǹkan bò, tó bá sì ní àpá díẹ̀ o lè fi pọ́líìṣì dán an padà, ṣùgbọ́n tí òkúta bá ta láti abẹ́ táyà tírélà wá bà á, ó lè là tàbí kó fọ́. Polycarbonate lágbára gan-an, òkúta ò lè tètè fọ́ ọ, àmọ́ ó máa ń ní àpá bí wọn ò bá fi nǹkan líle bo ojú ẹ̀, àní aṣọ tó ní yanrìn díẹ̀ lára á ti ha á. Èyí tí wọ́n bo ojú ẹ̀ ni mo fara mọ́, kó o sì bi wọ́n bóyá oòrùn ò ní sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú. Má fi pọ́líìṣì fá irú ìyẹn o, ohun tí wọ́n fi bò ó á ṣí kúrò.

Kó o tó sanwó, wọn áńdù ẹ. Ọ̀pọ̀ gíláàsì tí kì í ṣe ti máṣíìnì kan pàtó ni wọ́n ṣe fún áńdù mìlímítà 22 tàbí 25.4, èyí tó nípọn sí i nílò kílám̀pù tiẹ̀. Tó o bá ti dè é tán, yí áńdù dé ìpẹ̀kun lápá ọ̀tún, yí i dé ìpẹ̀kun lápá òsì, wo bóyá wáyà kílọ́ọ̀ṣì, okùn ọwọ́ iná (ọwọ́ tó o ń yí kí máṣíìnì lè sáré) àti rọ́bà bíréèkì há síbì kankan, kó o tún wo bóyá ọwọ́ iná ń padà fúnra ẹ̀. Bóòtù tó gba ara gíláàsì gbọ́dọ̀ ní wọ́ṣà rọ́bà tàbí náílọ́ọ̀nù, kó o dè é títí tó fi máa di ara ẹ̀ mú, kó o dúró níbẹ̀. Tó o bá dè é le jù, wàá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun tó ń jáde látinú ihò bóòtù, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń gùn títí gíláàsì á fi là. Má fi gúlù tí wọ́n fi ń mú bóòtù dúró síbẹ̀ rárá, ó máa ń jẹ ike, á sì mú kó sán.

Ìkan tó kù ni pé gíláàsì tí wọ́n dè mọ́ áńdù ń gbé agbára atẹ́gùn lọ sọ́wọ́ ẹ tààrà. Èyí tó wà lára férémù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Torí náà tó o bá gbé èyí tó tóbi sórí áńdù, máa fi eré kún díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pàápàá tí tírélà bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Tí iwájú máṣíìnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, má fa bíréèkì lójijì, di áńdù mú láì fún un pa, rọra dá ọwọ́ iná padà títí á fi balẹ̀, kó o sì yọ gíláàsì yẹn kúrò kó o tó tún sáré bẹ́ẹ̀ mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo fi omi tí wọ́n fi ń nu wíńdò nu wínsíkírìn mi, ó ti ṣú bàìbàì. Kí ni mo lè ṣe?

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ammonia tó wà nínú ọ̀pọ̀ irú omi bẹ́ẹ̀ ló jẹ ẹ́, kò sì sí bó o ṣe lè dá a padà tó bá ti wọra. Má fi pẹtiróòlù tàbí tínà sún mọ́ ọn, tí óìlì bíréèkì bá sì ta sí i, fi omi púpọ̀ ṣàn án lójú ẹsẹ̀. Omi àti ọṣẹ tí ò le nìkan ló ń fẹ́, nínú ibòji. Tí kòkòrò bá ti gbẹ mọ́ ọn, má ha á, rin táwẹ́ẹ̀lì kó o fi bò ó fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, á rọ̀, wàá kàn nù ún kúrò ni.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbé máṣíìnì sínú oòrùn, mo padà dé mo rí i pé ike tó yí mítà ká ti yọ́ lójú kan. Ṣé gíláàsì ló fà á?

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe dáadáa. Gíláàsì tó tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ lè kó ìtànṣán oòrùn jọ sójú kan, pàápàá tí oòrùn bá wà lápá kan ní kùtù tàbí nírọ̀lẹ́. Kọ iwájú máṣíìnì sí oòrùn tàbí kó o da aṣọ bo mítà.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti rí gíláàsì tó bá mi mu, orí mi ò gbọ̀n mọ́. Ṣé mo ṣì nílò rọ́bà tí wọ́n fi ń dí etí?

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni o, má yọ ọ́. Ariwo atẹ́gùn nínú hẹ́límẹ́ẹ̀tì máa ń kọjá 90 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì lójú ọ̀nà márosẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé 85 ni àwọn onímọ̀ ètò ìlera níbi iṣẹ́ ní kéèyàn má gbà kọjá fún wákàtí 8. Gíláàsì tó dáa lè dín in kù, ṣùgbọ́n ohun tí etí bá ti pàdánù kì í padà wá. Rọ́bà yẹn ò ní kó o má gbọ́ fèrè ọkọ̀, ariwo atẹ́gùn ló máa dínkù, fèrè á sì tún hàn sí i.