Àbúrò, ìwọ lọ ní tìẹ

Àbúrò, o ní ọmọ ọdún 46 ni ẹ́, jẹjẹrẹ pírọ́sítéètì, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ló pa bàbá ẹ, ṣọ́ọ̀ṣì yín l'Ómù-Àrán sì fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọkùnrin lọ́fẹ̀ẹ́ fún PSA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó lè fi hàn bí nǹkan bá ń ṣe pírọ́sítéètì. O ní ṣé gbogbo ọkùnrin ló yẹ kó ṣe é. Ìwọ ṣáà lọ ná.

Jẹjẹrẹ yẹn náà ló pa bàbá tèmi. Ọmọ ọdún 49 ni mí nígbà tí mo lọ bá dókítà kan n'Ílọrin. Kò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ ń dìde tọ̀ lóru?" Mo ní rárá. Ó ní kí n máa lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ jẹjẹrẹ yìí lè wà lára ẹni kó má ṣe bí ẹni wà níbẹ̀! Nígbà tí mo fi máa pé 54, PSA mi ti fò sókè di 38.

Biopsy wá kàn. Ihò ìdí ni wọ́n gbà wọlé tí wọ́n ń já ẹran bíńtín-bíńtín lára pírọ́sítéètì lọ yẹ̀ wò. Ẹ̀rọ yẹn á dún "tá!", ara mi á gbọ̀n. Mo kà á dé 12. Mo wọkọ̀ ní gáréèjì Ọ̀fà, ẹ̀bá ìdí kan ni mo fi jókòó títí a fi kọjá Àjàṣẹ́, kò sí kòtò kan lọ́nà yẹn tí kò kí mi. Mo délé, mo tọ̀ sínú ike, ó pọ́n bíi sóbò. Ìyàwó mi figbe ta. Kò sí nọ́ọ̀sì kankan tó sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ lè máa bá ìtọ̀ jáde fún ọjọ́ díẹ̀, la bá tún gba ọkọ̀ padà lóru. Ibà ló ń léni padà o. Bí ara bá gbóná lẹ́yìn biopsy, má dúró dilẹ̀ mọ́.

Ṣáájú àyẹ̀wò PSA, fi kẹ̀kẹ́ gígùn àti ìyàwó sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bó o bá ń lo finasteride, oògùn pírọ́sítéètì tó wú, sọ fún wọn, torí ó máa ń fá PSA wálẹ̀ tó ìdajì. Àwọn alágbo inú ọkọ̀ ńkọ́? Fi ọwọ́ mú àpò ẹ dáadáa.

Ẹn-ẹ́n, gbogbo ọkùnrin. Ní November 2025, ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn dá a lábàá pé kí wọ́n má pe gbogbo ọkùnrin, àfi àwọn tó jogún àléébù jíìnì BRCA tó ń mú kí jẹjẹrẹ tètè múni, láti ọdún 45 sí 61, lọ́dún méjì-méjì. Wọ́n ní PSA máa ń tú jẹjẹrẹ tí kò ní pa ẹni síta, ìtọ́jú á wá sọ ẹni di ẹni tí kò lè mú ìtọ̀ mọ́ra, tí nǹkan ọkùnrin ò sì ní dìde mọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwa dúdú, wọ́n ní ẹ̀rí ò tíì tó, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú ọkùnrin dúdú 4 ló máa ń ní in nígbà ayé rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀. Ẹ̀rí wo ni wọ́n tún ń wá?

Bí nọ́ńbà ẹ bá ga, kì í ṣe dandan kó jẹ́ jẹjẹrẹ, àrùn inú ìtọ̀ náà ń gbé e sókè. Ní kí wọ́n tún un ṣe. Bówó bá wà, ya MRI, àwòrán inú ara, kí wọ́n tó fabẹ́rẹ́ kàn ẹ́. Kó o sì gba ìwé èsì dání. Tèmi àkọ́kọ́, wọ́n ní fáìlì ti sọnù.