Owó ilé ìwé ọmọ yín: èwo lẹ lè gbé lọ sí kóòtù?

Ìbéèrè: Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n lé ọmọ mi tó wà ní JSS 2 ní ilé ìwé ìjọba kúrò ní kíláàsì torí owó kan tí wọ́n pè ní owó ìdàgbàsókè. Ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní ajàfẹ́tọ̀ọ́ ládùúgbò wa ní abala 18 ìwé òfin Nàìjíríà fún wa ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé yunifásítì. Ó ní ká san ₦15,000, òun á kọ̀wé sí kóòtù, ìjọba á sì dá owó tí mo ti ná lórí ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí ní yunifásítì padà. Ṣé ẹ̀tọ́ wa ni, àbí ojú àánú ìjọba la ń wò? Ìyá kan, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Màmá, ẹ má san kọ́bọ̀ fún un. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, ó sì ń bí mi nínú, torí àwọn tí owó ò sí lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń ta irọ́ yìí fún.

Abala 18 wà lóòótọ́. Ó dárúkọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, girama àti yunifásítì, ṣùgbọ́n ó ní ìgbà tó bá ṣe é ṣe ni kí ìjọba pèsè wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tí ọkùnrin yẹn ò kà fún yín nìyẹn. Orí Kejì ìwé òfin 1999 ni abala náà sì wà, níbi tí wọ́n kó àwọn àfojúsùn ìjọba sí. Abala 6 ti wá ti ilẹ̀kùn kóòtù mọ́ Orí Kejì: adájọ́ kò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ pé ìjọba ò ṣe ohun tó wà níbẹ̀, àfi tí ìwé òfin fúnra rẹ̀ bá sọ bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Torí náà, kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé òfin lẹ lè gbà lọ́wọ́ ìjọba ní kóòtù.

Orí Kẹrin, láti abala 33 dé 46, ni ẹ̀tọ́ tẹ́ ẹ lè gbé lọ sí ilé ẹjọ́ gíga tààrà wà. Níbẹ̀ pàápàá, ohun tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ẹ̀tọ́ ni pé ó ń dá ọwọ́ ìjọba dúró. Abala 43 ní ẹ lè ra ilẹ̀ kẹ́ ẹ sì ní in níbikíbi ní Nàìjíríà. Kò ní kí gómìnà fún yín ní pulọ́ọ̀tì kan. Nígbà tí ìjọba Èkó fẹ́ fòpin sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni ní 1980, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Okogie àtàwọn míì gbé e lọ sí kóòtù. Ní 1981, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ìjọba ò lè torí àfojúsùn Orí Kejì ìwé òfin ìgbà yẹn tẹ ẹ̀tọ́ Orí Kẹrin rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹjọ́ yẹn ò sì ní kí ìjọba bá ẹnikẹ́ni kọ́ ilé ìwé.

Àwọn ẹ̀tọ́ kan wà o, tó jẹ́ pé ìjọba gbọ́dọ̀ náwó lé wọn lórí. Tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kan yín, tẹ́ ò sì gbọ́ èdè tí kóòtù ń sọ, abala 36 ní kí ògbufọ̀ wà fún yín láìgba kọ́bọ̀. Ẹ rántí ìyẹn, torí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ló ń dákẹ́ níwájú adájọ́.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yín wá yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí ọkùnrin yẹn ń sọ. Ní 2004 wọ́n ṣe òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí UBE. Ó ní kí gbogbo ìjọba pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé JSS 3. Ó sì sọ gbígba owó lórí ohun tó yẹ kó jẹ́ ọ̀fẹ́ nílé ìwé ìjọba di ẹ̀ṣẹ̀: owó ìtanràn tí kò ju ₦10,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Ní 2017, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá ní òfin yìí ti sọ ẹ̀kọ́ náà di ẹ̀tọ́ tí kóòtù lè fipá mú ìjọba ṣe. Torí náà, ẹ má wojú àánú ẹnikẹ́ni lórí ọmọ JSS 2 yìí. Ti yunifásítì ò sí nínú òfin yẹn. Owó tẹ́ ẹ ti san ní yunifásítì ti lọ nìyẹn.

Mi ò tíì rí ìwé yín, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì lófin tirẹ̀ lórí UBE, nítorí náà ẹ má gbé èsì yìí lọ síwájú adájọ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó ń gba owó náà. Owó táwọn òbí fi ìfẹ́ inú dá nínú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ yàtọ̀ sí èyí tí ilé ìwé bù lé yín. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ń torí ẹ̀ lé ọmọ jáde, ìfẹ́ inú wo ló kù níbẹ̀?

Ẹ má fi ọmọ sílé, torí òfin UBE kan náà lè dá òbí tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Ẹ mú un padà lọ, kẹ́ ẹ bá ọ̀gá ilé ìwé sọ ọ́ ní sùúrù, kẹ́ ẹ sì ní kó kọ orúkọ owó náà sílẹ̀. Tó bá kọ̀, ẹ kọ̀wé sí SUBEB, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yín. Tíyẹn náà ò bá ṣiṣẹ́, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ń gba ẹ̀sùn lọ́fẹ̀ẹ́, ìgbìmọ̀ Legal Aid sì wà fún ẹni tí kò lówó lọ́yà. Rìsíìtì tó bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀dà rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún wọn. Ẹ tọ́jú ojúlówó sílé.