Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ wa kùsà lórí ilẹ̀ wa: ta ló ń ka ìwé àtakò wa?

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n lẹ ìkéde kan mọ́ ògiri sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Òkè-Ògùn pé ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ máa wa lithium, ohun àlùmọ́ọ́nì tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì. Oko wa, kànga wa àti ojúbọ wa wà lórí ilẹ̀ náà. A kọ̀wé sí gómìnà, èèyàn 400 ló fọwọ́ sí i, a ò rí èsì. Ṣé ìjọba tiẹ̀ máa ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Wọ́n ń kà á, bó bá dé ọwọ́ ẹni tó yẹ kó kà á. Gómìnà kọ́ ló ń fúnni níwèé àṣẹ ìwakùsà. Abẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni òfin fi gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì sí. Ibi méjì ni kí ẹ kọ̀wé sí, ohun tí wọ́n sì ń wò níbẹ̀ kò jọra.

Èkíní ni Mining Cadastre Office l'Ábújá, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń fúnni níwèé àṣẹ ìwakùsà. Wọn kì í bi ara wọn bóyá inú aráàlú dùn. Wọ́n á wò ó bóyá ẹlòmíì ti gba ilẹ̀ náà ṣáájú, bóyá òfin gbà kí wọ́n wa kùsà níbẹ̀, àti bóyá onílẹ̀ yọ̀ǹda. Òfin ìwakùsà ọdún 2007 yọ ilẹ̀ tí ìlú, abúlé, ọjà, itẹ́ òkú tàbí ojúbọ bá wà lórí rẹ̀ sílẹ̀, àti ibi tí kò ju mítà 50 lọ sí títì ìjọba tàbí ilé ìjọba. Torí náà, "ilẹ̀ baba wa ni" kò tó. Ẹ gbé fóònù tó ní GPS, ẹ dúró lójú ojúbọ gan-an, ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì tó bá gbé jáde sílẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ níbi itẹ́ òkú àti láàárín abúlé, kí ẹ wá fi wọ́n wé nọ́ńbà igun ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà béèrè fún. Wọ́n pín máàpù wọn sí ìlà-ìlà bíi pátákó ayò ọlọ́pọ́n, ojú kọ̀ọ̀kan sì tó nǹkan bíi hẹ́kítà 20. Ẹ lè tipa bẹ́ẹ̀ sọ ojú tí ẹ fẹ́ kí wọ́n yọ kúrò.

Ìwé ìyọ̀ǹda onílẹ̀ ni màgòmágó ti máa ń wọ̀ ọ́. Ẹnì kan á gba owó, á fọwọ́ sí i lórúkọ ẹbí tí kò rán an níṣẹ́. Ẹ fi Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011, tó fún aráàlú láṣẹ láti béèrè ìwé tó wà lọ́wọ́ ìjọba, béèrè ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ ọ́fíìsì yẹn. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn. Bó bá jẹ́ pé olórí ẹbí kò mọ̀ sí i, kí òun fúnra rẹ̀ lọ búra ní kóòtù, kí ẹ so ìwé sọ̀fíò ilẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwé ìbúra náà. Ẹ rí i pé wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. Láìsí òǹtẹ̀, wọ́n lè ní àwọn ò rí ìwé kankan gbà.

Èkejì ni ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ EIA wò, ìyẹn ìròyìn nípa ohun tí iṣẹ́ náà máa ṣe fún omi, ilẹ̀ àti èèyàn. Ọjọ́ iṣẹ́ 21 ni wọ́n fi ń pàtẹ rẹ̀ fún aráàlú, Sátidé àti Sọ́ńdè kò sí níbẹ̀. Ẹ tún ìkéde ara ògiri yẹn kà: bó bá sọ ibi tí ẹ ti lè ka ìròyìn kan àti ọjọ́ tí wọn ò ní gba ọ̀rọ̀ mọ́, òun náà nìyẹn, ọjọ́ sì ti ń lọ.

Wọ́n á kó àwọn ìwé tó bá wọlé fún ìgbìmọ̀ onímọ̀, ìgbìmọ̀ á sì ní kí àwọn tó kọ ìròyìn náà wá dáhùn. Lójú ìgbìmọ̀, ìbuwọ́lùwé 400 lábẹ́ gbólóhùn kan, kókó kan ṣoṣo ni. Èyí tó lágbára ni kí ẹnì kan jókòó ti ìròyìn náà, kó sì kọ irú èyí: "Ojú ìwé 84, àyẹ̀wò omi: oṣù keje nìkan ni ẹ bu omi kànga wa. Oṣù kejì ló máa ń gbẹ. Àyẹ̀wò ti ẹ̀ẹ̀rùn dà?" Ó yẹ kí ìròyìn ní àyẹ̀wò ìgbà òjò àti ti ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà irú ìbéèrè yìí lè dá a padà fún àtúnṣe. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n ti wá òjé àti arsenic, tí wọ́n jẹ́ májèlé, nínú omi kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọn ò bá ṣe é báyìí, ẹ ò ní rí ẹ̀rí mú bí omi bá bàjẹ́ lọ́la.

Ìjọba lè kọ̀, àmọ́ kí wọ́n gbà pẹ̀lú àdéhùn ló wọ́pọ̀ jù. Nítorí náà ẹ kọ àdéhùn tí ẹ fẹ́ sínú ìwé yín: bí ihò ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga tó, wákàtí tí wọ́n lè fi ohun abúgbàù fọ́ àpáta, ẹni tó máa dí ihò nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí MIREMCO ìpínlẹ̀ yín, ìgbìmọ̀ tí òfin 2007 dá sílẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ ṣọ́ra fún àdéhùn ìdàgbàsókè ìlú tí wọ́n á gbé wá, èyí tó ń ṣèlérí ilé-ìwé àti omi ẹ̀rọ. Dandan ni lábẹ́ òfin kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó sì dára, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọwọ́ sí i nígbà tí àtakò yín ṣì wà nílẹ̀, òun ni wọ́n á fi han ìgbìmọ̀ pé ẹ ti gbà.

Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i láìka ohun tí ẹ kọ sí, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ló kàn. Lọ́yà yín ní oṣù mẹ́ta láti ní kí wọ́n yẹ ìpinnu náà wò, ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìpinnu ni ẹ ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ìròyìn rẹ̀ dé abúlé.