Ọwọ́ òsì, ilé baba ẹni, àti ọmọ tí ìwé kíkà ń ni lára

Ọ̀dọ̀ ìyá kan ni ìbéèrè yìí ti wá. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé gẹ́gẹ́ bí bàbá ìyá rẹ̀ àti àbúrò ìyá rẹ̀ ti ń ṣe, ṣùgbọ́n ìwé kíkà ń ni ín lára gidigidi. Ìyá ọkọ ní ọwọ́ òsì náà ni ó fa gbogbo rẹ̀, pé àwọn àgbà kò ṣàdédé sọ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, àti pé kí wọ́n fi aṣọ di ọwọ́ náà títí ọmọ yóò fi gbàgbé rẹ̀. Ọkọ ní tirẹ̀ kà á níbì kan pé àwọn tí ń lo ọwọ́ òsì ni wọ́n sábà máa ń ní dyslexia, ìyẹn ìṣòro ìwé kíkà tí ó máa ń bá ọmọ tí làákàyè rẹ̀ pé pérépéré. Ìyá náà fẹ́ mọ ohun tí òwe yẹn ń sọ gan-an, bóyá àṣà wa ka irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí aláàbùkù, àti bóyá òótọ́ wà nínú ohun tí ọkọ rẹ̀ kà. Ó fi kún un pé àbúrò ọmọ náà, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́ta, ń lo ọwọ́ méjèèjì, ẹnikẹ́ni kò sì bá a wí.

Orí òwe náà ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé wọ́n pa á síbi tí kò bá a mu. Kì í ṣe ẹni tí a bí mọ́ ọwọ́ òsì ni ó ń bá wí. Ẹni tí ó ń bá wí ni ẹni tí ó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú orísun ara rẹ̀: ẹni tí ó dé ìlú ńlá tí ó wá ń tijú abúlé tí wọ́n bí i sí, tàbí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ìdílé rẹ̀ ní àìdáa lójú àlejò. Bí a bá bi ènìyàn léèrè ọ̀nà, tí ó sì ju ọwọ́ òsì síbẹ̀, ẹni tí ń wò ó yóò mọ̀ pé kò ka ibẹ̀ sí, orí ìmọ̀ yìí sì ni òwe náà dúró lé. Àwọn Akan ní orílẹ̀-èdè Gánà náà ń pa òwe tí ó jọ ọ́, ìtumọ̀ kan náà ni wọ́n sì ń fún un. Kò sí ìwé kíkà nínú rẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ ọpọlọ.

Ohun tí àṣà kà léèwọ̀ fún ọwọ́ òsì kò pọ̀ tó bí àwọn ènìyàn ti ń rò. A kì í fi í gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, a kì í fi í nawọ́ nǹkan sí ẹni tí ó jù wá lọ, a kì í fi í jẹun, a kì í sì í fi í na obì sí àlejò. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ọwọ́ òsì ni a fi ń fọ ìdí, ìdílé sì máa ń pagbo yí àwo kan ṣoṣo ká láti jẹ iyán tàbí àmàlà, nítorí náà ìmọ́tótó gbogbo agbo wà lọ́wọ́ bí olúkúlùkù bá ti pín iṣẹ́ fún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Ìsìláàmù, tí òun náà pa á láṣẹ pé ọ̀tún ni kí a fi jẹun, tún fi ẹsẹ̀ àṣà yìí múlẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni gbogbo èyí, ó sì ní àyè fún àforíjì. Ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dí yóò ní, “Ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni,” yóò sì fi òsì na ohun tí ó fẹ́ nà, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ègún wà lára ọwọ́ náà, gbólóhùn kékeré bẹ́ẹ̀ kò lè yanjú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá wo àwọn oyè wa yóò rí i pé òsì kò jẹ́ ohun ìtìjú. Ní Ìbàdàn, Òsì Olúbàdàn wà lórí àkàbà oyè tí ó lọ sí orí ìtẹ́. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, nínú àwọn ìwẹ̀fà mẹ́ta (àwọn ọkùnrin tí a tẹ̀ lọ́dàá láti máa sin ọba) tí wọ́n ga jù ní ààfin, Òsì Ẹ̀fà ni ó kéré jù ní ipò, síbẹ̀ òun ni ó ń ṣojú Aláàfin níbi ọ̀rọ̀ ìlú àti ogun, òun ni a sì gbà láàyè láti lo adé àti agboòrùn ọba. Nínú ẹgbẹ́ Ògbóni, ọwọ́ òsì ni àwọn ọmọ awo fi ń bọ ara wọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni lára àwọn ère wọn, ẹ̀ṣẹ́ òsì ni ó máa ń wà lórí ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún, tí àtàǹpàkò méjèèjì sì fara pamọ́. Mo kà á sí pé ọwọ́ tí a yà sọ́tọ̀ ni òsì nínú èrò àwọn baba wa, ọwọ́ tí kò sí fún gbogbo ìgbà àti gbogbo ojú.

Ìkọ̀wé wá ńkọ́? Ọ̀nà méjì ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Èkínní ni ilé kéú, níbi tí a ti ń fi ọ̀tún kọ wàláà. Èkejì ni ilé ìwé àwọn míṣọ́nárì, tí wọ́n fìdí kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta láti 1846. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ilé gbé àṣà líla ọmọ lọ́wọ́ nítorí òsì wá ni, nítorí pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ tiwọn títí di inú ọ̀rúndún ogún. Ọba George Kẹfà fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n fi agídí yí lọ́wọ́ padà ní kékeré. Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ bá na ọmọ nítorí pé ó fi òsì mú pẹ́ńsù, tí ó sì ní àṣà Yorùbá ni òun ń gbèjà, orúkọ ẹlòmíràn ni ó ń jẹ́.

Ní ti ìdílé, òótọ́ ni pé ọwọ́ òsì máa ń rìn nínú ìran, àwọn ará wa sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Bí ọmọ bá ti na òsì sí oúnjẹ, wọn a ní bàbá àgbà rẹ̀ gan-an ni ó jọ. Ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ kò tọ́ bí ọ̀pá. Nínú àkójọ ìwádìí tí àwọn onímọ̀ McManus àti Bryden tẹ̀ jáde ní 1992, bí òbí méjèèjì bá ń lo ọ̀tún, nǹkan bí ọmọ 9 tàbí 10 nínú 100 ni yóò máa lo òsì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń lo òsì, ó tó 19 tàbí 20. Bí àwọn méjèèjì bá ń lò ó, ó tó 26. Ẹ ṣàkíyèsí ti ìkẹyìn yẹn: ilé tí bàbá àti ìyá ti jọ ń lo òsì, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ọmọ wọn ni yóò ṣì máa lo ọ̀tún. Kódà àwọn ìbejì tí wọ́n jọ ara wọn bí ìmumu, ọ̀kan lè lo òsì kí èkejì lo ọ̀tún. Ìwádìí ńlá kan tí ó jáde ní 2021, tí ó lo ìsọfúnni àwọn ènìyàn tí wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀, rí ibi 41 lára jíìnì ènìyàn, ìyẹn àbùdá tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí, tí ó ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọwọ́ òsì, èyí tí ó fi hàn pé kò sí jíìnì kan ṣoṣo tí a lè nàka sí. Ó tún tètè máa ń bẹ̀rẹ̀. Peter Hepper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Belfast fi ẹ̀rọ wo àwọn ọmọ inú oyún tí ń mu àtàǹpàkò, wọ́n sì tún wá wọn rí nígbà tí wọ́n dàgbà: gbogbo àwọn 60 tí wọ́n mu ti ọ̀tún ni wọ́n ń lo ọ̀tún, àti pé nínú àwọn 15 tí wọ́n mu ti òsì, 10 ni wọ́n ń lo òsì. Aṣọ tí a fi di ọwọ́ ọmọ ọlọ́dún mẹ́jọ ti pẹ́ dé.

Ohun tí ọkọ kà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1925, Samuel Orton, oníṣègùn ọpọlọ ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, rí i pé àwọn ọmọ kan máa ń yí lẹ́tà padà nígbà tí wọ́n bá ń kàwé, àti pé púpọ̀ nínú wọn kò ní ọwọ́ kan tí ó lágbára ju èkejì lọ. Ó dá a lábàá pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọpọlọ wọn ń bá ara wọn du ipò olórí. Ní 1982, àwọn oníṣègùn ọpọlọ Norman Geschwind àti Peter Behan tún tan iná ọ̀rọ̀ náà: wọ́n ní ìṣòro ẹ̀kọ́ pọ̀ láàrin àwọn tí ń lo òsì àti àwọn ìbátan wọn ju ti àwọn tí ń lo ọ̀tún lọ. Ìwádìí yẹn gba ìlú kan, a sì ń sọ ọ́ kiri títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ bi léèrè jẹ́ oníbàárà ṣọ́ọ̀bù kan ní London tí ó ń ta irinṣẹ́ fún àwọn tí ń lo òsì. Àwọn àkójọ ìwádìí tí ó wáyé lẹ́yìn náà ti dín ọ̀rọ̀ náà kù. Láàrin àwọn tí ó ní dyslexia, àwọn tí kì í lo ọ̀tún pọ̀ díẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni. Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn tí ó ní dyslexia ń lo ọ̀tún, ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn tí ń lo òsì sì ń kàwé geerege. Àwọn onímọ̀ ní Oxford tilẹ̀ rí i ní 2011 pé jíìnì kan tí ń jẹ́ PCSK6 kan bí ọwọ́ ṣe ń yá láàrin àwọn tí ó ní dyslexia, ṣùgbọ́n ẹ̀yà rẹ̀ tí wọ́n rí yìí ń jẹ́ kí ọ̀tún túbọ̀ lágbára ju òsì lọ ni, èyí tí ó yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí aráyé ń retí.

Àlàyé Orton pàápàá kò dúró mọ́ bí ó ti sọ ọ́. Ní Münster, ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ tí ń ṣàkóso èdè lára ènìyàn 326, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2000: láàrin àwọn tí ń lo òsì gan-an, ìdá 27 nínú 100 ni ó ń lo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọpọlọ fún èdè, tí ó fi hàn pé àwọn tí ó kù, tí wọ́n pọ̀ jù, ń lo ẹ̀gbẹ́ òsì bíi ti gbogbo ènìyàn. Ibi tí dyslexia ti ń dani láàmú jùlọ ni gbígbọ́ ìró inú ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan àti síso ìró wọ̀nyẹn mọ́ lẹ́tà. Ọmọ tí ó ní in lè sọ ìtàn kí ó dùn létí, kí ó sì pa òwe, ṣùgbọ́n kí ó má lè sọ ìró tí yóò kù bí a bá yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 tí oníṣègùn Pringle Morgan kọ̀wé nípa rẹ̀ ní England ní 1896 ti rí: orí rẹ̀ pé, ó mọ ìṣirò, ìwé kíkà nìkan ni ó borí rẹ̀. Pípa “b” àti “d” dà, èyí tí ó máa ń kó ìpayà bá òbí, wọ́pọ̀ lára gbogbo ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé, ọwọ́ yòówù kí ó máa lò.

Nítorí náà, bí ìyá yìí bá fẹ́ tọpasẹ̀ nǹkan nínú ìdílé, kí ó fi ọwọ́ sílẹ̀, kí ó tọpasẹ̀ ìwé. Dyslexia fúnra rẹ̀ máa ń rìn nínú ìran ju ọwọ́ òsì lọ: ọmọ tí òbí rẹ̀ kan ní in, àǹfààní pé òun náà yóò ní in fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Kí ó béèrè ẹni tí ó fi ilé ìwé sílẹ̀ láàbọ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọlọ́gbọ́n, ẹni tí kì í fẹ́ ka lẹ́tà sókè níwájú ènìyàn, ẹni tí lẹ́tà kíkọ rẹ̀ kò tọ́ rí. Kí ó sì béèrè ní ilé ọkọ pẹ̀lú, kì í ṣe ní ilé tirẹ̀ nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lè fojú inú rí bí ìyá ọkọ yóò ti gba ìbéèrè yẹn. Ṣáájú rẹ̀, kí wọ́n yẹ ojú àti etí ọmọ wò. Kí wọ́n tún fi Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì dán an wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ tí ó ń ka Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n tí Gẹ̀ẹ́sì ń fún un ní wàhálà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé èdè ni kò tíì gbọ́ tó. Bí ó bá ń lọ́ra nínú méjèèjì, kí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ tí ń ṣàyẹ̀wò ìṣòro ẹ̀kọ́.

Ní ti dídi ọwọ́, kí wọ́n má ṣe dán an wò. Ní 2002, àwọn onímọ̀ ní Jámánì ya àwòrán ọpọlọ àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti fi agídí yí sí ọ̀tún ní kékeré. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bí wọ́n ti ń fi ọ̀tún kọ̀wé, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọpọlọ wọn, tí ń darí ọwọ́ òsì, ṣì ń bá wọn ṣiṣẹ́ lọ́nà tí kì í gbà ṣe bẹ́ẹ̀ lára ẹni tí a bí mọ́ ọ̀tún. Ọmọ tí ìwé kíkà ti ń ni lára kò nílò ẹrù kejì. Ohun tí yóò ràn án lọ́wọ́ rọrùn: kí ó jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì ní apá òsì kí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ má baà kọ lu ti ẹnì kejì, kí orí ìwé rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún, kí ó sì mú pẹ́ńsù jìnnà díẹ̀ sí ṣóńṣó ẹnu pẹ́ńsù náà kí ó lè rí ohun tí ó ń kọ. Ìyá ọkọ ní ẹ̀tọ́ láti kọ́ ọ pé ọ̀tún ni a fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ọmọ náà yóò sì mọ̀ ọ́n láìpẹ́, nítorí pé ẹ̀kọ́ ilé ni ìyẹn, kò sì kan pẹ́ńsù.

Ó ku àbúrò rẹ̀. Ó yani lẹ́nu pé nínú ìwádìí jíìnì ńlá kan nípa dyslexia, tí ó jáde ní 2022, tí ó sì ní àwọn tí ó ní dyslexia tí wọ́n lé ní 51,000 nínú, lílo ọwọ́ méjèèjì wà lára àwọn ohun tí jíìnì rẹ̀ bá ti dyslexia tan. Ṣùgbọ́n láàrin ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń hàn. Kò lè sọ ohunkóhun nípa ọmọ kan ṣoṣo, pàápàá ọmọ ọdún mẹ́ta tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tíì yan ọwọ́. Kí wọ́n máa bá a ṣeré orin àti àló, kí wọ́n máa fetí sí bóyá ó ń gbọ́ ìró tí ó jọra nínú wọn. Bí ó bá pé ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà tí orúkọ lẹ́tà kò dúró lórí rẹ̀, ìgbà náà ni kí wọ́n mú òun náà lọ fún àyẹ̀wò, ọwọ́ yòówù tí ó bá ti yàn nígbà náà.